Iṣẹ́ abẹ eegun ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ abẹ eegun ọmọdé jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ń rí sí eegun, oríkèé, iṣan àti ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn ọmọ, láti ìgbà tí a bá ti bí wọn títí di ìgbà tí eegun wọn yóò fi dẹ́kun gígùn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní OAUTHC, ni ojúkò iṣẹ́ yìí. Àwọn ìdílé láti Ìrémọ, Ìlódè, Mọ̀ọ̀rè àti àwọn àdúgbò yòókù nínú ìlú, àti láti àwọn ìlú tó yí Ifẹ̀ ká, ló ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Bí orúkọ iṣẹ́ náà tilẹ̀ mú abẹ dání, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe fífi abẹ la ara. POP, bàtà onírin, oúnjẹ, àti ìtọ́jú tí a ń tẹ̀lé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ eegun àgbàlagbà ni pé eegun ọmọ ṣì ń dàgbà. Nítorí náà, ọjọ́ orí tí ọmọ bá ní nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà ló sábà máa ń pinnu ohun tí dókítà náà lè ṣe fún un.

Orúkọ iṣẹ́ náà

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò fún iṣẹ́ eegun lápapọ̀, orthopaedics, ti ọwọ́ Nicolas Andry wá, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó fi í ṣe orúkọ ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1741. Ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀: ọ̀kan túmọ̀ sí ohun tó tọ́, èkejì sì túmọ̀ sí ọmọ. Èyí fi hàn pé ọmọdé ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ wà fún, kí ó tó di ti gbogbo ọjọ́ orí. Àwọn òbí ni Andry kọ ìwé rẹ̀ fún, àwòrán tó wà nínú rẹ̀ tí ayé kò sì gbàgbé títí di òní ni ti igi kékeré kan tí ó wọ́, tí a fi okùn so mọ́ òpó tó dúró ṣánṣán kí ó lè tọ́ bí ó ti ń dàgbà.

Ohun tí Andry lọ wá ní èdè Gíríìkì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ń sọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìṣe tọ́ ni a ń lò fún ohun tí kò wọ́, tọ́ náà ni a sì ń sọ nígbà tí a bá ní ẹnì kan tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni tàbí méjì tó kàn bára dún, àríyànjiyàn mìíràn nìyẹn. Òwe tó ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò náà kò jìnnà sí àwòrán igi Andry, àfi pé gígé ni òwe náà ń sọ, dídè ni ti Andry. Nínú iṣẹ́ àwọn dókítà eegun ọmọdé lónìí, dídè pọ̀ ju gígé lọ.

Ara tó yàtọ̀ nínú èrò àwọn ènìyàn

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá, èyí tó fi Ilé-Ifẹ̀ ṣe orírun ayé, Ọbàtálá ni Olódùmarè gbé iṣẹ́ fífi amọ̀ mọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́. Arọ, abuké, aràrá àti àfín jẹ́ ẹni òrìṣà, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn kan sọ pé ẹmu ló pa òrìṣà náà ní ọjọ́ tó mọ wọ́n, àti pé ìdí nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi mu ẹmu. Lára àwọn ère amọ̀ Ifẹ̀ àtijọ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú jáde, àwọn kan wà tí wọ́n fi ara tó ń ṣàìsàn àti ara tó yàtọ̀ hàn láìfi ohunkóhun pamọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orí tó jọ ti ọba.

Ìgbàgbọ́ yìí ní ojú méjì fún ìdílé tí ó bá bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Ó ń dáàbò bo ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Ó sì lè mú kí òbí gbà pé ohun tí a ti mọ ti parí, pé kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè tún un ṣe. Àwọn kan ń wá ẹ̀bi sí ọrùn ìyá: wọ́n á ní ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún, tàbí pé ó rí ohun tí kò yẹ kó rí. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí. Ẹsẹ̀ wíwọ́ a máa wà nínú ẹbí nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni a kì í rí ohun kan pàtó tó fà á. Ewu tó wà nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni pé ìtìjú á mú kí wọ́n gbé ọmọ pamọ́ sínú iyàrá ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jù lọ fún àtúnṣe.

Bí eegun ọmọdé ṣe rí

Ní ìtòsí orí eegun gígùn kọ̀ọ̀kan lára ọmọ, abala tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó jẹ́ eegun rírọ̀. Ibẹ̀ ni eegun tuntun ti ń yọ, òun ló sì ń mú kí ọmọ ga. Bí ìpalára bá bà á jẹ́, eegun náà lè kúrú, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa dàgbà kí èkejì dúró, kí ó sì máa tẹ̀ lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní ọdún 1963, àwọn dókítà méjì ní ìlú Toronto, Robert Salter àti Robert Harris, pín irú ìpalára bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, ìpín wọn ni a ṣì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kárí ayé.

Eegun tó ń dàgbà tún ní àǹfààní tirẹ̀. Ó ń tètè jinná: itan ọmọ kékeré tó kán lè so pọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ti àgbàlagbà ń gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀gbẹ́ kejì kàn tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá tútù. Bí wọ́n bá sì tò ó tí kò tọ́ tán, ìdàgbà fúnra rẹ̀ lè tún un ṣe, pàápàá bí ọmọ náà bá kéré tí ibi tó ṣẹ́ sì sún mọ́ orí eegun. Nítorí èyí, mímọ ìgbà tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn án jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí ń gbé wá nítorí pé ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun kò ní àìsàn kankan: ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ a máa tẹ̀ síta títí di nǹkan bí ọdún 2, á wá yí sí èyí tí orúnkún ń gbá ara wọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní K-leg, ní ọdún 3 sí 4, yóò sì tọ́ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 7 tàbí 8. Ẹsẹ̀ tó yẹ kí a fura sí ni èyí tí ó tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, èyí tó ń burú sí i lẹ́yìn ọdún 2, tàbí ti ọmọ tí kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ wíwọ́ àbímọ́ni

Ẹsẹ̀ wíwọ́ ni kí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun yí sínú, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ fà sókè, kí ọmọ náà má sì lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gbọọrọ. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 1,000 tí a ń bí ní àgbáyé ló ń ní i. Iye ọkùnrin nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti obìnrin, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì ń ní i ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọmọ náà yóò rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn, awọ ibẹ̀ yóò sì yi. Bàtà kì í bá a mu, ìrora a sì máa bá a dàgbà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ abẹ ńlá ni àwọn dókítà ń ṣe fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ náà á tọ́ lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá dàgbà, ó sábà máa ń le gan-an tí yóò sì máa dun ún. Ẹni tó yí èyí padà ni Ignacio Ponseti. Erékùṣù Menorca ní ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1914. Ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà, ó sá gba Faransé lọ sí Mẹ́síkò, ó sì dé Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1941. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tirẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà á tán. Ó kú ní ọdún 2009. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni a ń ṣe gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ẹsẹ̀ Wíwọ́ Àgbáyé.

Ọ̀nà Ponseti rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe dáadáa. Dókítà yóò fi ìka ọwọ́ rọra na ẹsẹ̀ ọmọ náà díẹ̀, yóò di POP fún un láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé itan, yóò tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò tún nà án díẹ̀ sí i, yóò sì di òmíràn. Nǹkan bí POP 5 sí 7 máa ń tó. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò kí a fi abẹ kékeré gé iṣan gìgísẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kì í fi gbogbo ìgbà gba oògùn oorun; iṣan náà á tún hù padà, á sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú POP ìkẹyìn tí ọmọ yóò wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Èyí tó kù ni bàtà méjì tí a fi irin so pọ̀: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, lẹ́yìn náà nígbà oorun nìkan títí ọmọ yóò fi pé ọdún 4 tàbí 5.

Bàtà yìí ni ìtọ́jú ti máa ń bàjẹ́. Òbí á rí i pé ẹsẹ̀ ti tọ́, ọmọ á máa sunkún lóru, ìyá àgbà á ní kí wọ́n yé fi irin há ọmọ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì bọ́ ọ sílẹ̀. Àìwọ bàtà náà ni ohun tó ń mú kí ẹsẹ̀ padà wọ́ jù lọ. Nítorí náà, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń bá ìyá, bàbá àti ìyá àgbà sọ̀rọ̀ bí ó ti mọ POP dì.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà eegun OAUTHC, lára wọn ni O. O. Adegbehingbe àti L. M. Oginni, gba ọ̀nà yìí, wọ́n sì kọ àbájáde iṣẹ́ wọn sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà eegun ti Iowa ní ọdún 2010, nílé Ponseti gan-an. Ohun tí àkọlé wọn tọ́ka sí ni bí iṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ wíwọ́ ti ń yí padà ní Nàìjíríà: POP ń gba ipò abẹ. Fún orílẹ̀-èdè tí yàrá iṣẹ́ abẹ kò tó, tí iná mànàmáná kì í sì í dúró, ìyípadà yìí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ lásán lọ. Ohun tí ọ̀nà náà ń béèrè ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, omi, báńdéèjì POP, àti owó ọkọ̀ tí ìyá yóò fi máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ríkẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ tí oòrùn pọ̀

Ríkẹ́ẹ̀tì ni àìsàn tí ó ń mú kí eegun ọmọ rọ̀ nítorí pé ohun tó yẹ kó mú un le kò dé inú rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà á wú, egungun ìhà rẹ̀ á yọ kókó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ síta tàbí kí orúnkún gbá ara wọn. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ̀ sí apá kan náà bí igi tí afẹ́fẹ́ ti. Ní Yúróòpù, àìrí oòrùn ni wọ́n mọ̀ pé ó ń fà á, nítorí oòrùn ló ń mú kí ara ṣe fítámì D. Ìwé tí a fi kọ́ àwọn dókítà Nàìjíríà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá rú wọn lójú ni pé oòrùn kò wọ́n ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, àwọn ọmọ sì ń ṣeré níta láti òwúrọ̀ dé alẹ́, síbẹ̀ ríkẹ́ẹ̀tì wà.

Oginni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan ní Ifẹ̀, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1996 ìwádìí kan lórí ohun tó ń fa ríkẹ́ẹ̀tì láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìdáhùn tó ń yọjú ni pé kálísíọ̀mù ló wọ́n nínú oúnjẹ wọn. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ mìíràn tí Tom Thacher ṣáájú ní ìlú Jos gbé àbájáde ìdánwò kan jáde lórí ọmọ 123 tó ní àìsàn náà: àwọn kan gba kálísíọ̀mù, àwọn kan gba fítámì D, àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù, pẹ̀lú fítámì D tàbí láìsí i, sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Oginni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà ní ọdún 2003 pẹ̀lú ìwádìí tó fi hàn lórí àwòrán X-ray àti nínú ẹ̀jẹ̀ pé kálísíọ̀mù lè wo ríkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìbéèrè tó ń ṣe àwọn ọmọ àdúgbò kan ní ibi rí ìdáhùn láti ọwọ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn gan-an, tí ìdáhùn náà sì yí ohun tí ìwé àgbáyé ń sọ padà.

Oúnjẹ ló ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, ó ń rí kálísíọ̀mù níbẹ̀. Nígbà tí a bá já a lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ, àmàlà, ẹ̀bà àti ìrẹsì ni yóò máa jẹ, wàrà kì í sì sí nínú oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ohun kan tún wà nínú àgbàdo tó ń di kálísíọ̀mù mú kí ara má lè gbà á. Àwọn ọmọ tí a wọn oúnjẹ wọn ní Nàìjíríà ń rí nǹkan bí mílígírámù 200 lójúmọ́. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 2016 ni pé ọmọ tó ti lé ní ọdún kan nílò ju 500 lọ kí ríkẹ́ẹ̀tì má baà mú un. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a lọ̀ pẹ̀lú eegun rẹ̀, irú yọ́yọ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó lè dí àlàfo náà, kò sì wọ́n tó wàrà inú agolo.

Dókítà kì í yára gé eegun tí ríkẹ́ẹ̀tì ṣì ń bá jà, nítorí yóò tún tẹ̀. Kálísíọ̀mù ni àkọ́kọ́, fún oṣù púpọ̀, pẹ̀lú X-ray látìgbàdégbà. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ kékeré á tọ́ fúnra wọn. Èyí tí kò bá tọ́ ni a óò wá gé eegun rẹ̀ tí a óò sì tò ó, tàbí kí a fi irin pẹlẹbẹ kékeré dá ẹ̀gbẹ́ kan ibi ìdàgbà eegun dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè bá a. Ọ̀nà kejì yìí wúlò kìkì bí ọdún ìdàgbà bá ṣì kù fún ọmọ náà.

Ọyún inú eegun, abẹ́rẹ́ àti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 20 nínú 1,000 ọmọ tí a ń bí ní Nàìjíríà ló ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS. Eegun wọn ni àìsàn náà ń bá jà jù: ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé ibẹ̀, orí eegun itan lè kú, kòkòrò àrùn sì lè sọ inú eegun di ọyún. Ní ọdún 1980, Adeyokunnu àti Hendrickse kọ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà 63 tí kòkòrò salmonella wọ inú eegun wọn. 57 nínú wọn jẹ́ SS. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìrora ọyún inú eegun àti ìrora tí ọmọ SS ti mọ̀ mọ́ra jọ ara wọn, òbí á sì máa fún un ní oògùn ìrora nílé nígbà tí ọyún ń jẹ eegun lọ. Bí ibà bá bá ìrora náà rìn, tí ọmọ kò sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ tàbí apá kan rárá, ilé-ìwòsàn ló kàn. Ọyún tó pẹ́ á sọ apá kan eegun di òkú eegun, ojú egbò á máa ṣọyún fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ a sì máa ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn kan ń rọ ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ìdí nígbà ibà, ó lè ba iṣan ńlá tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà á wá máa wọ́lẹ̀ bí ó bá ń rìn. Ìdí nìyí tí àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́ fi ń wọ itan. Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn á ka irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àrùn tó kún iyàrá ìtọ́jú eegun ọmọdé nígbà kan. A rí ọmọ tó ní èyí tí kì í ti inú àjẹsára wá gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ní ọdún 2016, ní Bọ̀rnó, wọ́n sì kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020.

Àwọn ato-eegun

Kí ilé-ìwòsàn tó dé, àwọn ato-eegun ló ń tọ́jú eegun tó kán ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ṣì ń ṣe é. Inú ìdílé ni iṣẹ́ náà sábà máa ń wà, bàbá á fi lé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ wá ibi tó ṣẹ́, wọ́n á fi òrí àti àgúnmu ra á, wọ́n á sì fi igi òparun pẹlẹbẹ tí a fi òwú hun pọ̀ dè é. Àwọn mìíràn á kán ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ ni aláìsàn yóò gbìyànjú tirẹ̀. Oginni kọ nípa igi ìdè ìbílẹ̀ yìí ní ọdún 1992.

Àwọn ènìyàn ní ìdí tí wọ́n fi ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ato-eegun wà nítòsí, a lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a mọ ilé baba rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé gígé ni ilé-ìwòsàn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé kò yẹ kí dókítà fi imú parọ́ sí wọn: Hugh Owen Thomas, tí a ń pè ní baba iṣẹ́ eegun níbẹ̀, ìdílé ato-eegun ará Wales ni ó ti jáde.

Ìdè líle ni ewu wọn. Ká mú ọmọ ọdún 6 kan tó jábọ́ lórí igi máńgòrò ní Ìrémọ ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi ọwọ́ gbalẹ̀, eegun apá rẹ̀ sì ṣẹ́ lókè ìgúnpá, ibi tí irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń ṣẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kọjá níwájú ibẹ̀ gan-an. Apá náà á wú. Bí a bá fi igi dè é le koko nígbà tó ń wú lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Láàrin nǹkan bí wákàtí 6, ẹran inú apá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí a bá tú u lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà lè di èyí tí ìka rẹ̀ ká kò títí ayé, àìsàn tí Richard von Volkmann ṣàpèjúwe ní Jámánì ní ọdún 1881, tàbí kí ó jẹrà kí dókítà sì gé e. Ìdílé tó sá fún gígé ló wá bá gígé, dókítà tó gé e sì ni àdúgbò yóò rántí. POP ilé-ìwòsàn tí a dì le jù lè ṣe ohun kan náà, nítorí èyí ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ fún òbí pé kí wọ́n máa wo ìka ọmọ: bí ó bá tutù, bí ó bá dúdú, bí ọmọ bá ké nígbà tí a bá na ìka rẹ̀, kí wọ́n gbé e padà lóru ọjọ́ náà.

Àwọn dókítà kan ní Nàìjíríà gbà pé fífi òfin lé àwọn ato-eegun kò ṣeé ṣe, pé kíkọ́ wọn sàn jù. J. E. Onuminya, tó ti kọ nípa apá àti ẹsẹ̀ tó jẹrà nínú ìdè wọn, tún tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2006 lórí iṣẹ́ ato-eegun kan tó gba ẹ̀kọ́. Ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń dá lé kò pọ̀: kí wọ́n má dè é le, kí wọ́n máa tú u wò, kí wọ́n sì mọ eegun tí kì í ṣe tiwọn. Egungun tó yọ síta nínú egbò àti ìgúnpá ọmọdé ló wà lókè nínú ìyẹn.

Ìbàdí ọmọ àti pípọn ọmọ

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà eegun ọmọdé ní Yúróòpù ń wá lára gbogbo ọmọ tuntun, tí ti Ifẹ̀ kì í sábà rí: kí orí eegun itan má jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàrin àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Àjogúnbá lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé pípọn ọmọ náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ya ẹsẹ̀, itan rẹ̀ ká sókè, orí eegun itan sì ń tẹ inú ihò rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí wọ́n sì ń fi aṣọ wé e pinpin, àìsàn náà pọ̀. Nígbà tí Japan bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn ìyá nípa èyí ní ọdún 1975, ó dín kù gidigidi. Àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Màláwì dábàá ní ọdún 2015 pé kí àwọn ilẹ̀ yòókù kọ́ pípọn ọmọ.

Kíkọ́ iṣẹ́ náà àti owó rẹ̀

Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ gba oyè ìṣègùn, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àbójútó àti ìsìnrú ìlú, kí ó tó wọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ eegun fún ọdún púpọ̀ lábẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tàbí ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo ìgbà díẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn Eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì di ilé-ìwòsàn eegun ní ọdún 1945. Àwọn tó yan ọmọdé nìkan láàyò kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà eegun ń tọ́jú ọmọ àti àgbà pọ̀.

Òfin ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, síbẹ̀ àpò òbí ni owó POP, X-ray àti bàtà onírin ṣì sábà ti ń jáde. Níbi tí owó kò bá sí, ìpàdé tó yẹ kó wáyé ní ọ̀sẹ̀ kejì á di ti oṣù kẹta. Ìtọ́jú ọmọ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè gba ọdún mẹ́rìnlá kí ó tó parí: dókítà á máa wọn gígùn ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa wo bí ó ti ń rìn, títí ibi ìdàgbà eegun yóò fi dí, ní nǹkan bí ọdún 14 fún obìnrin àti ọdún 16 fún ọkùnrin. Lẹ́yìn ìyẹn, fáìlì rẹ̀ á kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà.